Bí A Ṣe Ń Kó Ìtàn Ọjọ́ Kan Jọ: Ìṣẹ̀lẹ̀, Ọjọ́ Ìbí, àti Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Jóòótọ́

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1809, wọ́n bí ọmọkùnrin méjì sáyé, tí òkun Àtìláńtíìkì sì wà láàárín wọn. Inú ahéré onígi ni wọ́n bí ọ̀kan sí, nítòsí Hodgenville ní ìpínlẹ̀ Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Inú ilé ńlá dókítà ni wọ́n bí èkejì sí, ní ìlú Shrewsbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abraham Lincoln, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, ni ti àkọ́kọ́, Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ni èkejì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Darwin nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Lincoln nígbà tí tirẹ̀ náà kú. Wọn ò fojú kan ara wọn rí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Irú nǹkan báyìí ló sọ mí di ẹni tó ń kó ìtàn ọjọ́ jọ. Ó lè jẹ́ ètò orí rédíò lẹ fẹ́ ṣe é fún, ó lè jẹ́ kíláàsì, ó sì lè jẹ́ àwọn ẹbí yín tó wà lórí WhatsApp. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, kò sì le. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kí ọjọ́ tí ẹ pè jẹ́ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ọjọ́ 12 oṣù kejì náà ni màá sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ mú ọjọ́ kan péré, kí ẹ pín ojú ìwé

Ẹ má kó ọ̀sẹ̀ kan odindi mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kan tó. Ẹ mú ìwé ńlá kan, tàbí kí ẹ ṣí ojú ewé tuntun lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún: ọdún, ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n bí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ nígbà náà, àti ibi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ya àyè sọ́tọ̀ fún kàlẹ́ńdà àti fún ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀. Tí àṣìṣe bá wá jáde, wọn ò ní mọ ibi tó gbà wọlé.

Ẹ kó wọn jọ, àmọ́ ẹ má tíì gbà wọ́n gbọ́

Wikipedia ní ojú ewé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọjọ́ 366, títí kan ọjọ́ 29 oṣù kejì. Ó dáa kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; kò dáa kí ẹ parí síbẹ̀. Ẹ kó bí ogún tàbí ọgbọ̀n nǹkan sílẹ̀, kódà tó bá jẹ́ méje péré lẹ máa lò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kúrò lórí ojú ewé ọjọ́, kí ẹ lọ sórí ojú ewé ẹni náà tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá wo ìwé gbédègbẹ́yọ̀, ìwé ìtàn ìgbésí ayé ẹni náà, tàbí ìwé ìròyìn tó jáde lọ́jọ́ kejì tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ló ti gbé ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Tí ibi mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá sọ ọjọ́ kan náà, tí gbólóhùn wọn sì jọra bí ìbejì, ara wọn ni wọ́n wò kọ. Ẹlẹ́rìí kan náà ló ń fi ẹnu mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹ béèrè irú kàlẹ́ńdà tí ọjọ́ náà ń lò

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Kàlẹ́ńdà tí Julius Caesar, alákòóso Róòmù àtijọ́, fi lélẹ̀ ka ọdún kan sí ọjọ́ 365 àti wákàtí mẹ́fà. Ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún gidi lọ. Ìṣẹ́jú 11 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ bó ṣe ń gorí ara wọn lọ́dọọdún, nígbà tó fi máa di ọdún 1582, ó ti di ọjọ́ mẹ́wàá tí a bá kà á láti ọdún 325, ìgbà ìpàdé ńlá ìjọ Kristẹni ní Nicaea. Póòpù Gregory Kẹtàlá wá pàṣẹ pé kí wọ́n fo ọjọ́ mẹ́wàá náà. Àwọn èèyàn Sípéènì, Pọ́túgà, Póláǹdì àti ọ̀pọ̀ ìlú ní Ítálì sùn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá. Nígbà tí wọ́n jí ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15 ni wọ́n bá a.

Gbogbo ayé kọ́ ló tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbà títí di ọdún 1752, nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án tẹ̀ lé ọjọ́ 2. Rọ́ṣíà dúró títí di ọdún 1918: ọjọ́ 31 oṣù kìíní parí, ọjọ́ 14 oṣù kejì ló sì mọ́. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ọjọ́ 12 oṣù kejì rárá ní Rọ́ṣíà lọ́dún yẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjọba Rọ́ṣíà ṣe báyìí-báyìí lọ́jọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1918, ẹ bi í pé kàlẹ́ńdà wo ló ń kà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Tí ọjọ́ náà bá ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1582, ẹ fi sílẹ̀ bí ìwé ìgbà náà ṣe kọ ọ́. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ wo orílẹ̀-èdè tó ti ṣẹlẹ̀. Tó bá ti gba kàlẹ́ńdà tuntun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tí kò bá tíì gbà á, ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá kún un títí di òpin oṣù kejì ọdún 1700. Láti ibẹ̀, ọjọ́ 11 títí di òpin oṣù kejì ọdún 1800. Ọjọ́ 12 títí di òpin oṣù kejì ọdún 1900. Ọjọ́ 13 láti ìgbà yẹn wá. Ìdí tó fi ń pọ̀ sí i ni pé kàlẹ́ńdà Gregory kì í fún ọdún tó parí ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ 29 oṣù kejì, àfi tí 400 bá lè pín in géérégé. Ọdún 1900 kò ní in, ọdún 2000 ní in.

Ẹ jẹ́ ká fi Anna Pavlova, gbajúmọ̀ oníjó tí wọ́n bí ní St. Petersburg, dán an wò. Lábẹ́ kàlẹ́ńdà tí Rọ́ṣíà ń lò, ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1881 ni wọ́n bí i. Ẹ fi ọjọ́ 12 kún un. Ó bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kejì. Nítorí náà ó yẹ lójú ewé wa, àmọ́ ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹni tó rí ọjọ́ 31 níbòmíràn má bàa rò pé ẹ ṣì í kọ.

Ọdún náà lè yí padà. Kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yí kàlẹ́ńdà padà, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun lábẹ́ òfin wọn. Ìdí nìyẹn tí ìwé àtijọ́ fi sọ pé wọ́n bí George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1731, tí àwa sì ń pè é ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1732. Ohun kan náà ló bá Lady Jane Grey, ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n fi jẹ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1554 ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Tower of London. Tí ẹ bá rí ìwé ìgbà náà tó pe ọdún yẹn ní 1553, kò ṣàṣìṣe, ọdún tuntun wọn ni kò tíì wọlé.

Èmi náà ti ṣubú sínú kòtò yìí rí. Mo dìde níwájú àwọn èèyàn, mo sọ fún wọn pé ọdún tí Galileo kú gan-an ni wọ́n bí Isaac Newton, bíi pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan gbé àtùpà fún èkejì. Bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ rọra béèrè pé, “Ọmọ mi, kàlẹ́ńdà ta lo fi kà á?” Nígbà tí mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ítálì ni Galileo kú sí, lọ́jọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1642, lábẹ́ kàlẹ́ńdà tuntun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Newton, lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1642, lábẹ́ kàlẹ́ńdà àtijọ́. Tí a bá fi kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo wọn méjèèjì, ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1643 ni wọ́n bí Newton. Ìtàn tó dùn mọ́ mi lẹ́nu yẹn kò sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ya àyè sọ́tọ̀ fún kàlẹ́ńdà lójú ìwé mi.

Ẹ wo aago àti ibi tí wọ́n dúró sí

Ọjọ́ kan náà kì í mọ́ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọmọ ogun Japan kọlu Pearl Harbor, ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1941 ni ní Hawaii, àmọ́ ọjọ́ 8 ti mọ́ ní Japan. Ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá lọ́jọ́ 20 oṣù keje ọdún 1969. Nígbà tí Neil Armstrong máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òṣùpá, aago mẹ́ta òru ọjọ́ 21 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù tí a bá fi aago Greenwich kà á, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 20 ṣì ni ní Amẹ́ríkà. Ìlànà tèmi ni pé ọjọ́ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni mo ń lò. Tí kò bá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé, mo máa ń sọ aago tí mo fi kà á.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà

Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1776 ni àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà dìbò pé àwọn ò sí lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ọjọ́ 4 ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìkéde náà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá kọ “wọ́n buwọ́ lu ìwé òmìnira ní ọjọ́ 4 oṣù keje”, ọjọ́ yín tọ̀nà, ọ̀rọ̀-ìṣe yín ni kò tọ̀nà. Wọ́n yìnbọn lu Lincoln ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865. Àárọ̀ ọjọ́ 15 ló kú. “Wọ́n yìnbọn lù ú” àti “ó kú” kò sí lójú ewé kan náà.

Ẹ tún béèrè bóyá ńṣe ni àwọn èèyàn dìídì yan ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní kòńgẹ́, ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1817 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun José de San Martín àti Bernardo O'Higgins ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun ọba Sípéènì ní Chacabuco ní Chile. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1818, Chile kéde òmìnira. Wọ́n mú un bá àyájọ́ ìṣẹ́gun yẹn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, ṣe ń ka ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1909 sí ọjọ́ ìdásílẹ̀ wọn: ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé ìwé ìpè jáde, nítorí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún gẹ́lẹ́ tí wọ́n bí Lincoln. Tí ẹ bá kọ ìdí yìí mọ́ ọn, òkúta méjì tó dá wà tẹ́lẹ̀ á di ògiri.

Ọjọ́ ìbí: ta ló kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà wo ló sì kọ ọ́?

Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni gbogbo wa ń sọ. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní kékeré lágbára ju ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà.

Louis Armstrong, afunfèrè jáàsì láti New Orleans, sọ jálẹ̀ ayé rẹ̀ pé ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1900 ni wọ́n bí òun. Ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún: ọjọ́ tó wuyì ni. Ó kú ní ọdún 1971. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì ni ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1901. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò pe ti Armstrong ní irọ́ o, ó ṣeé ṣe kí ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn.

Nígbà míì, ìwé ìrìbọmi nìkan ló kù. Ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1770 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún Beethoven, gbajúmọ̀ olórin, ní Bonn nílẹ̀ Jámánì. Kò sí ìwé tó sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ kọ “wọ́n ṣèrìbọmi fún un”. Ẹ má fi ẹnu ara yín bí i.

Ẹ gé e kù

Méje tó. Ọgbọ̀n máa rẹ olùka, kò sì ní rántí ọ̀kan.

Bí mo bá fẹ́ gé e, mo máa ń bi ara mi pé: ṣé ogun àti ọba nìkan ló kún ibí yìí? Ṣé ilẹ̀ Yúróòpù nìkan ló ń sọ̀rọ̀? Ṣé obìnrin wà níbẹ̀? Ṣé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀? Fún ọjọ́ 12 oṣù kejì, àwọn tí mo mú ni Lady Jane Grey, Lincoln pẹ̀lú Darwin lórí ìlà kan, Chile, Pavlova, NAACP, òpin ìjọba ọba ní Ṣáínà ní ọdún 1912, àti ọkọ̀ òfúrufú NEAR Shoemaker. Mo yọ ikú Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí, tó jẹ́ ọdún 1804, nítorí mi ò rí ohun tó so ó mọ́ àwọn tó kù. Ó dùn mí díẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ọjọ́ náà ní agbára àràmàǹdà. Kò ju èèyàn 23 lọ tí a máa kó jọ sínú yàrá kan kí ó tó ṣeé ṣe ju ìdajì lọ pé méjì nínú wọn máa pín ọjọ́ ìbí. Pẹ̀lú bí èèyàn ńláńlá ṣe pọ̀ tó nínú ìtàn, ó di dandan kí àwọn kan pàdé lórí ọjọ́ kan. Ohun tó yẹ ká fi han olùka ni ohun tí ìgbésí ayé wọn sọ nígbà tí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ kọ ọ́ kí èèyàn lè rí i

Ìlà kan tí kò ní ẹ̀mí rèé: “1912: Ìjọba Qing dópin ní Ṣáínà.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo tún un kọ báyìí:

“1912: Puyi, olú ọba Ṣáínà, gbé adé sílẹ̀. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Longyu, ìyàwó olú ọba tó jẹ ṣáájú rẹ̀, ló bá a fọwọ́ sí ìwé náà. Láti ọdún 1644 ni ìdílé rẹ̀ ti ń jọba ní Beijing.”

Ọjọ́ ìbí Puyi, ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1906, ni mo lọ wá kí n lè rí “ọjọ́ márùn-ún” yẹn. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì, òun ló sì gbé ọmọ kékeré kan síwájú olùka dípò ìjọba kan. Ohun kan bẹ́ẹ̀ tó fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Fún NEAR Shoemaker, ohun tí mo rí ni pé wọn ò ṣe é fún bíbalẹ̀ rárá. Ó ti ń yí Eros, àpáta kan tó ń yí oòrùn ká lójú sánmà, po fún nǹkan bí ọdún kan, kí wọ́n tó rọra gbé e lé e lórí lọ́jọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2001. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sórí irú àpáta bẹ́ẹ̀, ó sì ń bá a lọ láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sílé lẹ́yìn tó balẹ̀.

Ẹ tò wọ́n láti ọdún tó pẹ́ jù sí èyí tó sún mọ́ wa. Tí ẹ bá fẹ́ kọ “ó pé ọdún báyìí lónìí”, ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ sì tún un ṣírò lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ti èṣí jáde láìyí nọ́ńbà padà.

Ẹ tọ́jú ojú ìwé náà

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ má ju ojú ìwé ọ̀nà márùn-ún yẹn nù. Àwọn èèyàn máa kọ̀wé sí yín pé ẹ ṣì í kọ. Àwọn kan nínú wọn máa jàre. Tí àtúnṣe bá dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ sì sọ fún àwọn olùka pé ẹ ti tún un ṣe. Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ní ojú ìwé tèmi, ọjọ́ 4 oṣù keje ṣì wà lábẹ́ orúkọ Louis Armstrong. Mo fa ìlà kan la àárín rẹ̀, mo sì kọ “ìwé ìrìbọmi: ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1901” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnì kan tún máa fi ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi.